Waya jó nínú ilé tí ẹ háyà: ta ni yóò tọwọ́ bàpò?

Bí onílé àti ayálégbé bá pe èmi oníṣẹ́ iná, "Èló ni?" ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí. Èmi náà á bi wọ́n pé níbo ló ti jó, kí ló sì jó o? Láti orí òpó lójú títì títí dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì, waya yẹn ò sí lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, ìdáhùn ìbéèrè méjì yìí ló sì ń fi ẹni tí yóò sanwó hàn.

Ẹ jẹ́ ká ti ìta wọlé. Òpó, tìráńsífọ́mà, waya ojú títì àti mítà, ti iléeṣẹ́ apínná ni. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, IBEDC ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA la ṣì ń pè wọ́n. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣòfin iná mànàmáná, ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé kì í ṣe oníbàárà ló ń ra òpó tàbí tìráńsífọ́mà. Àdúgbò tí òkùnkùn bá ti sú, tó sì fẹ́ dáwó jọ, kí wọ́n kọ́kọ́ bá iléeṣẹ́ náà kọ ìwé lórí bí owó yóò ṣe padà. Mítà tó bá dédé kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Báípáàsì, ìyẹn fífa iná láì jẹ́ kó gba inú mítà kọjá, kò sí nínú èyí o. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ayálégbé ni wọn yóò sì bá nínú ilé, kì í ṣe onílé tó wà ní Èkó.

Bí gílóòbù yín bá mọ́lẹ̀ jù lójijì, tí ti aládùúgbò wá ń ṣe bàìbàì, ẹ sáré pa iná láti ibi mítà. Ó ṣeé ṣe kí neutral, ìyẹn waya tí iná ń gbà padà, ti já lórí òpó, kí iná tó yẹ kó jẹ́ fólítì 230 máa sún mọ́ 400. Onílé kọ́ ló ṣe é, ẹ̀yin náà kọ́. Ẹ mú ẹ̀sùn lọ, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ ya fọ́tò ohun tó bá jó.

Ohun tó bá kọjá mítà wọ inú ilé, onílé ló ni ín. Ní àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ óò rí waya tí wọ́n kàn mọ́ pákó lára ògiri. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, rọ́bà ara rẹ̀ á máa rún sílẹ̀. Gbígbó ló gbó, ayálégbé kò sì jẹ gbèsè ohun tó gbó fúnra rẹ̀, àyàfi tí àgíríméńtì bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Gílóòbù tó kú, súíìṣì tí ọmọ yín fi bọ́ọ̀lù fọ́, ẹ̀yin lẹ ni ìyẹn.

Ibi tí ìjà ti ń le jù ni ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní Ìjagun, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìlíṣàn. Onílé á ní hot plate ló jó sọ́kẹ́ẹ̀tì òun, ọmọ á ní waya ilé ni kò dáa. Níwájú àwọn méjèèjì ni mo ti máa ń tú ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá rí waya tínínrín tí à ń pè ní 1.5, tó jẹ́ pé ti gílóòbù ni, níbi tó yẹ kí 2.5 tó nípọn jù ú lọ wà, onílé ni yóò sanwó, mi ò ní bò ó. Bí 2.5 bá wà níbẹ̀ ńkọ́, tí extension sì yọ́ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì? Ẹ wo hot plate olójú méjì tó jẹ́ wáàtì 2,000, kẹ́tùlù 2,000, áyọ́ọ̀nù 1,000, gbogbo wọn lórí extension kan náà. Ẹ fi 230 pín àròpọ̀ wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpù 22, bẹ́ẹ̀ 13 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lè gbé. Ọmọ ló jẹ̀bi, kó wá owó lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.

Ẹ má fowó ara yín tún waya onílé ṣe lórí ọ̀rọ̀ ẹnu kíatéékà pé "ẹ ṣe é, a ó yọ ọ́ nínú owó ilé." Ẹ fi fọ́tò àti iye owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kọ rísíìtì owó ilé fún yín, kí ẹ sì dúró de èsì tí ẹ lè fi hàn. Pàápàá tó bá jẹ́ ilé ẹbí. Bí wọ́n bá wálé Ojúde Ọba, ẹni tí ẹ ò rí rí á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "Ta ló ní kó ṣe é?" Waya tó bá sì ti wọnú ògiri ti di ti ilé, ẹ ò lè fà á yọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó lọ. Fáànù àti ínfátà yín lẹ lè gbé, kí ẹ sì dí ihò tí ẹ lu.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún un ló ń bá iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀ bó bá já, àmọ́ ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó lu ògiri. Waya tẹlifóònù NITEL tó ṣì ń rọ̀ lára àwọn ilé kan, onílé lè ká a kúrò. Kí oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kàn án ṣá o, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀kan fa iná lọ sí ilé ìdáná.