Bí fíìmù Doctor Who ṣe ń rìn kiri ayé

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, BBC kéde pé apá mẹ́sàn-án nínú eré Doctor Who, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé ó ti ṣègbé, ti jáde. Jos ni wọ́n ti rí wọn, nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, eruku ti bò wọ́n. Kí ni eré tí wọ́n ṣe ní London ní ọdún 1967 àti 1968 ń wá ní Plateau, tí àwọn tó ni ín gan-an kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ mọ́? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta eré sókè òkun láyé ìgbà yẹn ló bí i.

Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni Doctor Who kọ́kọ́ jáde: ìtàn bàbá àjèjì kan tó ń fi àgọ́ ọlọ́pàá aláwọ̀ búlúù rìn láti ìgbà dé ìgbà àti láti ayé kan dé òmíràn. Orí téèpù fídíò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 2 ni wọ́n ń gbà á sí. Téèpù yìí wọ́n gan-an, nítorí náà, bí eré bá ti jáde tán, wọ́n lè pa á rẹ́ kí wọ́n fi téèpù náà gba nǹkan mìíràn. Bí wọn kò tilẹ̀ pa á rẹ́, kò rọrùn láti tà á sókè òkun. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń para pọ̀ di àwòrán lójú tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 405 nígbà náà. Ti Kánádà jẹ́ 525, ti Ọsirélíà àti New Zealand jẹ́ 625. Ẹ̀rọ wọn kò gba téèpù London, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké kò sì ní ẹ̀rọ téèpù rárá.

Fíìmù ló yanjú ìyẹn. Wọ́n á ki téèpù bọ ẹ̀rọ, àwòrán á máa jáde lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan, kámẹ́rà fíìmù onímìlímítà 16 á wá kojú sí i, á máa yà á, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti ara nẹ́gátíìfù tó bá jáde ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀dà fún oníbàárà. Apá kan, tó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, máa ń gba fíìmù tí gígùn rẹ̀ sún mọ́ 300 mítà, wọ́n á ká a sínú agolo pẹrẹsẹ, ó di ẹrù. Ibikíbi tó bá dé, kò béèrè iye ìlà: ẹ̀rọ tó ń tan iná gba inú fíìmù kọjá, tí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n sì ń wò ó, ti tó. Ohun tó sọnù nínú rẹ̀ ni bí ìrìn àwòrán ṣe ń dán lójú téèpù, nítorí àwòrán tí téèpù ń sọ di ọ̀tun nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti di 25 péré. Ìdí nìyẹn tí eré àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní sítúdíò fi dà bí sinimá lójú ẹni tó ń wò ó lónìí.

Ẹ̀ka tó ń jẹ́ BBC Enterprises ló ń tà á. New Zealand ló kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1964. Ọsirélíà àti Kánádà tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní ọdún 1965, àmọ́ apá 26 ni Kánádà fi mọ. Nàìjíríà wà lára àwọn tó rà á láàárín ọdún 1960 sí 1969, bẹ́ẹ̀ náà ni Cyprus àti Hong Kong. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ṣe pọ̀ tó nílé àwọn ará ìlú ni owó eré ṣe ń pọ̀ tó, nítorí náà ohun tí orílẹ̀-èdè kékeré ń san kò tó nǹkan. Ta ni yóò wá fọ ẹ̀dà tuntun fún gbogbo wọn? Ẹ̀dà kan náà ni wọ́n ń jẹ́ kó máa lọ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, bí ìwé ilé-ìwé tí ẹ̀gbọ́n lò tán tí àbúrò ń gbà.

Àdéhùn ló ń darí ìrìn náà. Ẹ̀tọ́ láti fi eré hàn ní ọjọ́ tó ń parí, nítorí owó àwọn òṣèré, òǹkọ̀wé àti akọrin wà nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá pé, ilé iṣẹ́ tó rà á ní ọ̀nà mẹ́ta: kó dá fíìmù padà sí London, kó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn, tàbí kó bà á jẹ́ kó sì kọ ìwé pé òun ti bà á jẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé kó tọ́jú rẹ̀.

London fúnra rẹ̀ kò sàn jù wọ́n lọ. Láàárín ọdún 1967 sí 1978, wọ́n pa téèpù rẹ́, wọ́n sì sọ fíìmù nù. Àwọn tó ń bójú tó téèpù rò pé fíìmù wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tajà. Àwọn tó ń tajà rí i pé ẹ̀tọ́ ti parí, pé àwọ̀ ti dé láti ọdún 1970, pé kò sẹ́ni tó tún ń béèrè fún eré dúdú-àti-funfun, pé kò sì sáyè mọ́. Ilé ìkàwé fíìmù ní tirẹ̀ kò ka ẹ̀dà eré tí wọ́n fi téèpù ṣe sí ẹrù òun. Àìgbọ́ra-ẹni-yé láàárín ọ́fíìsì mẹ́ta ni ká pè é, kì í ṣe ìkórìíra. Ọdún 1978 ni wọ́n tó fi Sue Malden sípò ẹni tí yóò máa yan ohun tí wọ́n máa tọ́jú.

Ibi tí òfin bá ti já ni nǹkan ti ṣẹ́ kù. Ẹni tó jẹ́ olóòótọ́, tó sun fíìmù tó sì kọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún wa. Ẹni tó gbàgbé agolo sórí pẹpẹ ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ní Cyprus, díẹ̀ nínú The Reign of Terror, ọ̀kan lára àwọn ìtàn alápá púpọ̀ inú Doctor Who, la ogun ọdún 1974 já, apá méjì nínú rẹ̀ kò sì là á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992, gbogbo apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin The Tomb of the Cybermen ti Hong Kong padà délé. Ní nǹkan bí ọdún 1985, Nàìjíríà ti dá ọ̀pọ̀ apá The Time Meddler àti The War Machines padà, nítorí náà Jos kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ wa.

Philip Morris, ọkùnrin kan tó ń wá eré tẹlifíṣọ̀n tó sọnù kiri, ló wá a dé Jos. Agolo 11 ló gbé jáde, mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ohun tí kò sí níbòmíràn: márùn-ún láti inú The Enemy of the World, mẹ́rin láti inú The Web of Fear. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá fíìmù irú èyí. Wọ́n máa ń mú kó rùn bí ọtí kíkan, kó sún kì, kó sì ká kò. Jos wà ní ibi tó ga ju 1,200 mítà lọ, ara sì máa ń tù níbẹ̀ ju Ìbàdàn tàbí Èkó lọ. Bóyá ìyẹn ràn án lọ́wọ́. Morris sọ pé gbogbo apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà The Web of Fear ni òun kọ́kọ́ rí níbẹ̀, pé kí wọ́n tó kó wọn kúrò ni ẹ̀kẹta pòórá. Lẹ́yìn ìwárí yìí, nínú apá 253 tó jáde ṣáájú ọdún 1970, 97 ni BBC ṣì ń wá nígbà náà.

Ọsirélíà fi nǹkan sílẹ̀ lọ́nà tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn aṣàyẹ̀wò fíìmù ìjọba ibẹ̀ máa ń gé ibi tó bá lè dẹ́rù ba ọmọdé, wọ́n sì ń tọ́jú ohun tí wọ́n gé. Fíìmù fúnra rẹ̀ ṣègbé, èyí tí wọ́n gé wà ní ibi ìpamọ́ ìjọba títí di ọdún 1996 tí wọ́n rí i. Nínú àwọn apá kan, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó bani lẹ́rù jù ni ohun tó ṣẹ́ kù.

Nígbà tí àwọ̀ dé, ìtàn náà yí díẹ̀. Téèpù aláwọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní ìlà 525. London tún pa àwọn kan rẹ́ nínú tirẹ̀, ó ku ẹ̀dà fíìmù dúdú-àti-funfun, téèpù tó padà dé láti ìhà ibẹ̀ ni wọ́n sì fi dá àwọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn padà. Ní àwọn apá tí kò sí téèpù rárá, kámẹ́rà fíìmù ti ya àwọn àmì kéékèèké tí ìsọfúnni àwọ̀ fi sílẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n láìmọ̀, kọ̀ǹpútà sì ti ka àwọ̀ jáde láti inú wọn.

Gbogbo èyí wúlò fún eré tó bá ti jáde kúrò nílé nìkan. Apá keje The Daleks' Master Plan, tó jáde lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1965, jẹ́ eré ẹ̀fẹ̀ ọdún tí BBC kò tà fún òkè òkun rárá. Kò sí agolo rẹ̀ tó kúrò ní London, nítorí náà kò sí ilé iṣẹ́ kankan lókè òkun tó lè gbàgbé rẹ̀ sórí pẹpẹ.