Bí ìtọ́kasí ṣe ń di òṣùwọ̀n iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì

Nínú gbogbo ìwé ìwádìí sáyẹ́ǹsì, èyí tí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí jù lọ láyé, ìyẹn ni pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tiwọn, kò wo àrùn kankan sàn, kò sì sọ bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà mọ iye purotéènì tó wà nínú omi ló ṣàlàyé. Oliver Lowry àti àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílùú St. Louis ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ lọ́dún 1951. Nígbà tí wọ́n kà á lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí i ní ìgbà tó lé ní 300,000. Ìwé tí Watson àti Crick kọ lọ́dún 1953, tó fi bí DNA ṣe rí han aráyé, kò tilẹ̀ sí lára 100 àkọ́kọ́.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì kò lè fi àyẹ̀wò kan wé èkejì láìmọ iye purotéènì tó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀nà ti Lowry, á kọ́kọ́ da omi tó ní kọ́pà sínú ìgò náà, á dúró díẹ̀, á wá da kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní Folin lé e. Omi náà á di búlúù. Bí purotéènì bá ṣe pọ̀ tó ni búlúù náà á ṣe ki tó, ẹ̀rọ á sì ka kíki rẹ̀. Àìmọye láàbù ló ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ọ̀dọ̀ Lowry ni àwọn ti rí i. Lowry fúnra rẹ̀ kò pe ìwé náà ní iṣẹ́ ńlá. Ìlò ni ìtọ́kasí ń kà. Bóyá iṣẹ́ jinlẹ̀, bóyá ó yí ìmọ̀ padà, bóyá ó gba ẹ̀mí là, ìyẹn ò sí nínú ohun tí ẹ̀rọ tó ń kà á lè rí.

Báwo ni kíkà náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Ìparí gbogbo ìwé ìwádìí ni ẹni tó kọ ọ́ ti máa ń to orúkọ àwọn iṣẹ́ tó lò. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ni èèyàn lè wò: ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ á sọ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ fún ẹ, àmọ́ kò sí bí wàá ṣe mọ ẹni tó lò ó lẹ́yìn náà. Eugene Garfield, ọmọ Amẹ́ríkà, ló dábàá lọ́dún 1955 pé kí wọ́n yí ètò yìí padà. Ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà ló ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀, nítorí láti 1873 ni àwọn yẹn ti ní ìwé tó ń tọpa ẹjọ́, tí lọ́yà fi ń mọ̀ bóyá ìdájọ́ àtijọ́ kan ṣì dúró tàbí wọ́n ti yí i dà. Garfield dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Philadelphia, ilé iṣẹ́ náà sì gbé àtòjọ ìtọ́kasí sáyẹ́ǹsì jáde lọ́dún 1964. Òun ló di Web of Science tí gbogbo èèyàn mọ̀ lónìí. Àtòjọ méjì mìíràn, Scopus àti Google Scholar, dé lọ́dún 2004.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ka nǹkan bákan náà. Web of Science àti Scopus máa ń ṣa jọ́nà (ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde látìgbàdégbà) tí wọ́n fẹ́ kà. Google Scholar ń kó ohun tó bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ kan ṣoṣo fi lè ní nọ́ńbà mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, tó sì jẹ́ pé ti Google ló sábà máa ń ga jù. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà ẹnì kan láti ibì kan, tó wá fi wé ti ẹlòmíì láti ibòmíì, kò tíì ṣe ìfiwéra kankan. Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni ti àwọn jọ́nà tí yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà ń tẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ wọn ò sí nínú àwọn méjì tó ń ṣa jọ́nà yẹn. Èèyàn lè fi ọdún mẹ́wàá wádìí àrùn tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ lóko, kí ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí àwọn tó nílò rẹ̀ ti lè kà á, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká fi onímọ̀ molecular biology ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó ń wádìí bí DNA, RNA àti purotéènì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ohun alààyè. Á kọ́kọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé, á lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan nínú láàbù rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa ń wá láàbù tirẹ̀. Ipò tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ń sọ ibi tó dé lójú ọ̀nà yìí. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó dúró ti iṣẹ́ náà jù. Ẹni ìkẹyìn sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá láàbù, tó wá owó, tó sì ni èrò náà. Àwọn tó wà láàárín lè jẹ́ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò kan ṣoṣo, wọ́n sì lè jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ ò lè ṣeé ṣe láìsí wọn. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ tó ń ka ìtọ́kasí, ọgbọọgba ni gbogbo wọn.

Ẹ wo ìwé kan tó jáde nínú jọ́nà Science ní oṣù Kẹjọ 2014, nígbà tí Ebola ń jà ní Sierra Leone. Wọ́n ka jínọ́ọ̀mù (gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá) fáírọ́ọ̀sì náà 99 láti ara àwọn aláìsàn 78, wọ́n sì fi hàn bí àrùn náà ṣe wọ orílẹ̀-èdè náà àti bó ṣe ń yí padà bó ti ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíì. Ó lé ní 50 èèyàn tó fọwọ́ sí i. Stephen Gire ni orúkọ àkọ́kọ́, Pardis Sabeti ni ìkẹyìn. Márùn-ún nínú wọn kú kí ìwé náà tó jáde, Ebola ló sì pa wọ́n. Sheik Humarr Khan, dókítà tó ń darí ìtọ́jú nílé ìwòsàn Kenema, wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí ìwé yìí gan-an, ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan sì ń wọlé sórí orúkọ Khan bó ṣe ń wọlé sórí orúkọ ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà.

Nígbà tí àpapọ̀ ìtọ́kasí nìkan ò tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn mọ́, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní California, mú òṣùwọ̀n h-index wá lọ́dún 2005. To ìwé ẹnì kan láti orí èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù; ipò tó kẹ́yìn tí ìtọ́kasí ìwé ṣì tó nọ́ńbà ipò náà ni h. Ká ní ìtọ́kasí wọn jẹ́ 40, 22, 9, 6, 5 àti 3. Ìwé karùn-ún ní ìtọ́kasí 5, ó dọ́gba pẹ̀lú ipò rẹ̀. Ìwé kẹfà ní 3 péré, kò tó 6. Nítorí náà, h ẹni yìí jẹ́ 5. Ẹni tó bá kọ ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń lò, kódà kí ìtọ́kasí rẹ̀ jẹ́ 300,000, h tirẹ̀ jẹ́ 1. Ọdún ló sì ń gbé h ga; kì í lọ sílẹ̀ láé, kódà bí onítọ̀hún bá ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ́ olùwádìí tí wọ́n bá gbé h rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ti pàdánù kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Òṣùwọ̀n mìíràn tí wọ́n ń pè ní impact factor tún yàtọ̀, jọ́nà ló wà fún, kì í ṣe èèyàn. Bí jọ́nà kan bá tẹ ìwé 100 jáde ní 2022, tó tẹ 100 ní 2023, tí wọ́n sì tọ́ka sí àwọn 200 náà ní ìgbà 800 láàárín ọdún 2024, impact factor rẹ̀ jẹ́ 4. Ìwé díẹ̀ ló sì sábà máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú 800 yẹn. Àwọn yòókù lè máà rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Síbẹ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéga á wo orúkọ jọ́nà, wọ́n á sì gbà pé ìwé tó wà nínú rẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni.

Ọdún méjì tí ìṣirò yẹn ń wò kò tó fún iṣẹ́ tó máa ń pẹ́ kó tó so èso. Katalin Karikó, ọmọ ilẹ̀ Hungary, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí RNA ní Amẹ́ríkà láìrí owó ìwádìí. Ní 1995, Yunifásítì Pennsylvania já a sí ipò tó rẹlẹ̀. Ní 2005, òun àti Drew Weissman fi hàn nínú jọ́nà Immunity pé bí wọ́n bá pààrọ̀ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà RNA, ara ò ní bá a jà mọ́. Àwọn tó kíyè sí i nígbà náà ò pọ̀. Ọdún 15 lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára COVID-19 dé, ìtọ́kasí rọ́ wá, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel ní 2023. Ìwé tí kò mì ẹnikẹ́ni ní 2005 náà ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yí padà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bó ti wù kó pẹ́ tó, nọ́ńbà ò lè gbé e. Ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Christian Happi, ọmọ Cameroon tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, dá ibùdó ACEGID sílẹ̀ láti máa ka jínọ́ọ̀mù àwọn kòkòrò àrùn. Nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, ẹgbẹ́ Happi wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni. Èèyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú, nígbà tó fi di 20 oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé ti kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta 2020 pẹ̀lú, Ẹdẹ ni wọ́n ti ka jínọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ti fáírọ́ọ̀sì COVID-19 ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì gbé e síta kí gbogbo ayé lè lò ó. Èsì àyẹ̀wò tó dé kíákíá kì í ṣe ìwé ìwádìí. Àwọn tí kò kó Ebola nítorí rẹ̀ ò sì ní tọ́ka sí ẹnikẹ́ni.

Nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ tó pàdé ní San Francisco ní oṣù Kejìlá 2012 fi ṣe ìkéde tí wọ́n ń pè ní DORA, tó jáde ní 2013. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi impact factor jọ́nà díwọ̀n iṣẹ́ èèyàn mọ́, kí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ka ohun tí onítọ̀hún kọ, kí wọ́n sì tún wo dátà àti sọ́fítíwíà tó gbé síta. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti fọwọ́ sí i. Kíka ìwé gba àkókò ju kíka nọ́ńbà lọ, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

Ní báyìí ná, nọ́ńbà náà ṣì ń pinnu ẹni tó máa rí iṣẹ́, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ bà á jẹ́ fún ọmọ Yorùbá ni orúkọ. Ẹni tó ń jẹ́ Ọláṣẹ́hìndé lè di Olasehinde lórí ìwé kan, kí ó di Olasheinde lórí òmíràn. Bó bá ṣègbéyàwó tó so orúkọ ọkọ mọ́ ọn, ẹ̀rọ á ka á sí ẹni kẹta. Ìtọ́kasí á pín sí ojúewé mẹ́ta, h á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Láti 2012 ni ORCID ti wà fún èyí: nọ́ńbà onídíjíìtì 16 tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà á kó tó fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà, kí ó yan bí yóò ṣe máa kọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì máa fi nọ́ńbà náà sí gbogbo ìwé tó bá fọwọ́ sí. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti pín tẹ́lẹ̀ lè kọ̀wé sí Scopus kí wọ́n da ojúewé rẹ̀ pọ̀. Lórí Google Scholar, òun fúnra rẹ̀ ló máa kó àwọn ìwé náà jọ, kí ó sì yọ ti ẹlòmíì tó bá wọlé mọ́ tirẹ̀ kúrò.