Ìgbà Wo Lẹ Kúnlẹ̀ Kẹ́yìn?

Lọ́dọọdún, tí Ojúde Ọba bá ti kọjá, ẹsẹ̀ kì í gbèrò mọ́ ní yàrá tí mo ti ń tọ́jú eegun àti iṣan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, jó. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ẹni tó jó bí ọmọ ogún ọdún ti ń di ilẹ̀kùn mọ́tò mú kó tó lè sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń ti ẹnu wọn jáde: "Dókítà, àgbà ti dé." (Fisiọtẹ́rápì ni iṣẹ́ mi, àmọ́ mo ti yéé bá wọn jiyàn lórí orúkọ.) Ọmọ ọdún mélòó? 48.

Mi ò kì í gbà fún wọn. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: ìgbà wo lẹ kúnlẹ̀ kẹ́yìn? Ìgbà wo lẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, láìjẹ́ pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni?

Ẹ rò ó wò. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ta ni a kì í kí? Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí a ó ti kúnlẹ̀ fún bàbá, fún ìyá, fún ẹ̀gbọ́n, fún àlejò tí a kò tiẹ̀ mọ̀ rí. A ń lóṣòó fọ abọ́, a ń jókòó sórí àpótí fọṣọ, a ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní eré ìdárayá, ṣùgbọ́n itan wa ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a wá lé ní 40, àwa ni wọ́n ń kí. Ọmọ ló ń gbálẹ̀, ẹ̀rọ ló ń fọṣọ, ọ̀kadà ló ń gbé wa láti Ìtòrò dé Òkè-Àjẹ. Àwọn tó yẹ ká dọ̀bálẹ̀ fún sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo rí i ní mọ́sáláṣí náà. Ráká 17 ni ìrun ọ̀ranyàn ojúmọ́ kan, ìforíkanlẹ̀ méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 34 nìyẹn tí iwájú orí ń kanlẹ̀ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n àga ń pọ̀ sí i lẹ́yìn. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́, kí Ọlọ́run gba ìrun rẹ̀. Ẹni tó jókòó nítorí pé àga wà níbẹ̀ ni mò ń bá wí.

Òótọ́ ni pé láti ìgbà téèyàn bá ti tó nǹkan bí ẹni ọdún 30 ni iṣan ti ń dín kù, bí ìdá 3 sí 8 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àmọ́ èyí tí a bá ń lò kì í yára lọ, èyí tó ti lọ sì lè padà. Iṣan iwájú itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù. Tó bá rọ, oríkèé nìkan ló kù tí yóò máa rù ú. Ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tún wá le díẹ̀, torí eegun rẹ̀ náà ń fúyẹ́ lásìkò yẹn.

Ẹ gbé àga kan tí kò lápá ti ògiri. Ẹ ká ọwọ́ méjèèjì sáyà, kí ẹnì kan máa wo aago fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ dìde dúró ṣánṣán, ẹ jókòó, ẹ tún dìde. Lórí ìwọ̀n tí CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń lò, obìnrin ẹni ọdún 60 sí 64 tí kò bá ṣe tó 12, tàbí ọkùnrin tí kò ṣe tó 14, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì lè tètè máa ṣubú. Ẹni 60 ni mo wí o. Oníṣòwò kan tó jẹ́ ẹni ọdún 47 ṣe 9 níwájú mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àga yẹn náà ni oògùn. Ìgbà mẹ́jọ, ẹ sinmi, ìgbà mẹ́jọ míì, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ má kánjú. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ ka oókan dé ẹẹ́rin, kí ẹ máa fa èémí sínú. Tẹ́ ẹ bá ń dìde, ẹ mí jáde. Kí fóònù wà ní yàrá kejì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí WhatsApp kò ní mọ ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ sínú. Itan tó ń ro yín lọ́jọ́ kejì, tó sì fúyẹ́ ní bí ọjọ́ kẹta, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó gún bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé, tàbí orúnkún tó wú, ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ wá fi hàn wá. Tí àga bá ti rọrùn, ẹ bọ́ sórí àpótí. Lẹ́yìn àpótí, ẹní.

Àwọn kan á ní àwọn ń rìn láràárọ̀. Ó dáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká ṣe ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, irú ìrìn téèyàn lè fi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè fi kọrin. Àjọ kan náà ló ní ká fi ọjọ́ méjì, ó kéré tán, fún iṣan lágbára. Apá kejì yìí ni etí wa kì í gbọ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tó bá ń wà ní 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí àyà bá ń fún yín tàbí òòyì ń kọ́ yín lẹ́nu ìdárayá, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ sílé ìwòsàn. Àwọn oògùn ara ríro tí wọ́n ń ṣà sínú ọ̀rá fún yín ní kẹ́mísítì, pupa mẹ́ta, funfun méjì, wọ́n ń bí mi nínú: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, tó sì ń fìyà jẹ kíndìnrín. Ti oúnjẹ, ìkọ́kọrẹ́ ò ṣẹ̀ mí. Kí ẹja inú rẹ̀ ṣáà pọ̀, torí ewùrà nìkan kò lè kọ́ iṣan.

Oníṣòwò tó ṣe 9 lọ́jọ́sí, mo bá a pàdé lọ́jà ní oṣù kẹta, ó kúnlẹ̀ ń kí ìyá eléja kan. Ìyá náà ní, "Ó tó, ọmọ mi, dìde." Ó dìde, ó tún kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó ku méje."