Wáyà Gíga Lórí Òrùlé Yín: Kí Ló Yẹ Ká Bẹ̀rù?

"Ẹnjiníà, wọ́n ní wáyà yìí ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọdé." Bí màmá kan tó ń ta gàrí lọ́nà Ọbáńtokò, l'Abẹ́òkúta, ṣe kí mi káàárọ̀ nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ló ka ohun kan lórí fóònù nípa wáyà DC tó ń gbé iná láti ìlú dé ìlú, pé ó ń da ara ènìyàn láàmú. Wáyà gíga kan sì gba orí ìsọ̀ wọn kọjá, níbi tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti máa ń sùn lẹ́yìn àpò gàrí lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Iná bátìrì, tí à ń pè ní DC, ojú kan ló ń ṣàn sí. Iná NEPA, AC, ń lọ, ó ń bọ̀ ni, ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo wáyà gíga tó gba Abẹ́òkúta kọjá, AC ni. Ti DC wà ní Kóńgò, ó ń gbé iná ìsédò Inga lọ sí agbègbè Katanga, nǹkan bíi kìlómítà 1,700. Òmíràn sì ń gbé ti ìsédò Cahora Bassa láti Mòsáńbíìkì lọ sí South Africa. Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò lójú ọ̀nà tí wọ́n bá gbé e báyìí.

Kí wá ni DC ń ṣe sí ara? Agbára òòfà rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, èyí tó ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sí àríwá. Ti ilẹ̀ tó máíkírótẹ́sílà 25 sí 65 (máíkírótẹ́sílà ni wọ́n fi ń wọn òòfà). Ti abẹ́ wáyà DC kì í sábà jìnnà sí i. Òòfà ẹ̀rọ MRI tí wọ́n ń ti aláìsàn wọ̀ nílé ìwòsàn sábà máa ń tó 1,500,000. Ohun tí èèyàn lè fura sí ni pé wáyà DC máa ń fi iná sára afẹ́fẹ́, irun apá á sì dìde. Ẹ rántí bùláńkẹ́ẹ̀tì lásìkò ọyẹ́: tí ẹ bá fà á lókùnkùn, ẹ ó gbọ́ ta-ta-ta, iná kékeré á sì máa ṣẹ́jú. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ba mímí tàbí ìṣesí èèyàn jẹ́, wọn ò rí ìpalára tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 2002, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ẹ̀rí kò tó láti ka òòfà tí kì í yí padà, irú ti DC, mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

AC tiwa ló ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí òòfà rẹ̀ lọ́wọ́ sí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, torí àwọn ìwádìí kan rí àìsàn náà díẹ̀ sí i nínú ilé tí òòfà ti ju máíkírótẹ́sílà 0.4 lọ. Kò tíì sẹ́ni tó fi hàn pé òòfà ló fà á. Lójú tèmi, ó tó ìdí láti má jẹ́ kọ́mọ máa sùn lábẹ́ wáyà lójoojúmọ́. Kò tó ìdí láti sá kúrò ládùúgbò, torí kíá ni agbára náà ń dínkù béèyàn bá ṣe ń jìnnà sí i.

Ohun mìíràn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé gílóòbù gígùn sókè lábẹ́ wáyà 330 kV (kV ni ìwọ̀n agbára iná inú wáyà) níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Kò so mọ́ nǹkankan, síbẹ̀ ó tàn lọ́wọ́ mi, ó ń gbọ̀n wìrìwìrì. Iná tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lè fò mọ́ ọ̀pá tí ẹ fi ń ká àgbálùmọ̀, tàbí irin tí bíríkìlà nà sókè, láìtíì kan wáyà rárá. Ó ń pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Bí páànù yín bá ń ta yín lọ́wọ́, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó fún un ní wáyà ẹ́ẹ̀tì, tó ń gbé iná wọlẹ̀. Bí wáyà bá já sílẹ̀ nítòsí yín, ẹ má gbé ẹsẹ̀ gbòòrò: ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ máa wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà.

Mítà 50 ló yẹ kó ṣófo lábẹ́ wáyà 330 kV, mítà 30 lábẹ́ 132 kV, ìdajì lọ́tùn-ún, ìdajì lósì. Ti màmá yìí, 132 ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ di orí tépù mú, a sì wọn ọ́n láti àárín wáyà: mítà mẹ́fà péré dé ìsọ̀. Ilé tí wọ́n ń sùn jìnnà ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Mo ní kí wọ́n fi ilé sílẹ̀ bó ṣe wà, ìsọ̀ ni kí wọ́n gbé. Wọ́n ti ń wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.