Ẹgbẹ́ Rotary Kì Í Ta Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ọdún tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Rotary, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ fún àwùjọ, tí ààrẹ tuntun á sì gba ipò. Ní ẹgbẹ́ tiwa ní Abẹ́òkúta, kí ìpàdé kejì lábẹ́ ààrẹ náà tó parí ni àwọn òbí ti máa ń dúró dè mí lẹ́nu géètì, tí wọ́n fi fáìlì há abíyá, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé èmi ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ lókè òkun. Lọ́dún yìí, mo ka àwọn tó wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo: mọ́kànlá ni wọ́n. Mẹ́sàn-án nínú wọn bèèrè iye tí à ń ta fọ́ọ̀mù. Ẹnì kẹwàá fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun kúkú wọ ẹgbẹ́ kí ọmọ òun lè tètè rí owó náà gbà. Ẹnì kan tó kù ló bèèrè ohun tó yẹ kí ènìyàn bèèrè, pé irú ẹ̀kọ́ wo gan-an ni owó náà wà fún.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùdámọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mi ò ní jókòó síhìn-ín máa ṣàlàyé bí a ṣe ń wá àyè sí yunifásítì tàbí bí a ṣe ń gba ìwé èsì ìdánwò. Ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́ yẹ kó mọ ìyẹn. Bí owó yìí ṣe ń rìn ni wọn kò mọ̀, àìmọ̀ náà ló sì ń ná wọn lówó.

Fọ́ọ̀mù kankan kò sí lọ́jà. Owó tí à ń wí yìí, tí wọ́n ń pè ní Global Grant, ti Rotary Foundation ni, àpò owó ìrànwọ́ Rotary, èyí tí Arch Klumph, ààrẹ Rotary nígbà náà, dá àbá rẹ̀ ní 1917, tí ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tó wọ àpò rẹ̀ kò sì ju dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 50 lọ. Lónìí, bí gbogbo owó tí ẹ̀kọ́ kan máa ná kò bá tó dọ́là 30,000, kò lè wọ inú ètò náà. Ẹgbẹ́ kan kò sì lè dá a ṣe: ẹgbẹ́ tó wà nílé akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè tí ó ń lọ gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i, kí owó jáde láti ẹkùn wọn, ìyẹn àkójọ àwọn ẹgbẹ́ Rotary tó wà ní agbègbè kan náà, kí Rotary Foundation tó bù kún un láti inú àpò àgbáyé. Ẹ wá rò ó wò. Ẹgbẹ́ méjì ní orílẹ̀-èdè méjì, àti ọ́fíìsì tó wà ní Evanston ní Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ló máa ka ìwé ọmọ yín. Níbo ni ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní ajẹ́ńtì, tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Kútọ̀ níbí, ti fẹ́ ráyè tọwọ́ bọ̀ ọ́?

Ní ti àwọn tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ nítorí ọmọ, ẹ̀rín máa ń pa mí, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn. Òfin Rotary sọ ọ́ kedere pé ọmọ ẹgbẹ́ kò lè gba owó yìí, ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò lè gbà á, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò lè gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ tàbí aya àwọn ọmọ wọ̀nyí, títí kan àwọn òbí tó bí ọmọ ẹgbẹ́ náà. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó di ẹ̀yìn oṣù 36. Bàbá kan wà tó ti san owó ìwọlé, tó ti rán aṣọ ẹgbẹ́, tó sì ń jókòó sórí ìlà iwájú fún oṣù mẹ́rin gbáko kí n tó mọ ohun tó gbé e wá. Nígbà tí mo sọ òfin náà fún un, ó ní kí n bá òun wá nǹkan ṣe sí i. Kí ni n óò ṣe sí i? Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Rotary kì í tìtorí pé ọmọ mọ̀wé, tàbí pé òbí rẹ̀ kò ní, rán an lọ sókè òkun. Oyè kejì tàbí èyí tó ga jù ú lọ ni owó náà wà fún, fún ọdún kan sí mẹ́rin, ẹ̀kọ́ náà sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọ̀kan nínú ọ̀nà méje: àlàáfíà àti dídènà ìjà, ìdènà àti ìtọ́jú àrùn, omi àti ìmọ́tótó, ìlera ìyá àti ọmọ, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ àti mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ètò ọrọ̀ ajé àwùjọ, àti ìtọ́jú àyíká, tí wọ́n fi kún un gbẹ̀yìn ní 2021. Lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ tí ó ti ṣe sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ lọ kọ́, àti iṣẹ́ tí ó máa fi ẹ̀kọ́ náà ṣe, okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀. Àmọ́ kí ni mo máa ń rí? Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “láti kékeré ni mo ti ń lálàá”, tó fi ògo fún Ọlọ́run ní ìparí, tí n kò sì rí abúlé kan, ilé ìwòsàn kan tàbí kànga kan nínú rẹ̀. Mo ti ka èyí tó yin yunifásítì kan ní Leeds ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, tó wá ń fojú sọ́nà láti dé Glasgow ní ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nípa omi, kí ó sọ iye ìdílé tó ń pọnmi nínú kànga kan ṣoṣo ní àdúgbò rẹ̀, oṣù tí kànga náà máa ń gbẹ, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe sí i. Kí ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ó kà á sókè, kí ó sì pa gbogbo gbólóhùn tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè lé lórí rẹ́. Ojú ìwé kan ti tó.

Ní ìpàdé wa, a máa ń ka ìbéèrè mẹ́rin tí Herbert Taylor, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary kan ní Amẹ́ríkà, kọ ní 1932. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé, ṣé òótọ́ ni? Àwọn tó ń kọ lẹ́tà tà kò tíì gbọ́ ìbéèrè yìí rí. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń fi ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje àti ọṣẹ ojúrere gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ìyá kan mú ìwé ìgbàwọlé ọmọ rẹ̀ tọ̀ mí wá tí òróró ti wọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè ka orúkọ yunifásítì mọ́. Mo ní kí wọ́n lọ tẹ òmíràn. Ó bínú.

Agbẹ̀bí kan ló dùn mí jù. Ọdún márùn-ún ló ti fi ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní ìgbèríko, yunifásítì kan ní Ìlú Ọba sì ti gbà á láti lọ kọ́ nípa ìlera ìyá àti ọmọ. Ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ ti gbà láti jẹ́ alábàáṣe wa. Nígbà tí a pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, lẹ́tà tó wà nínú fáìlì rẹ̀ sọ pé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó ló ti ṣiṣẹ́. Dókítà kan nínú ìgbìmọ̀ wa mọ ibẹ̀ dáadáa. Ó bi í pé bẹ́ẹ̀dì mélòó ló wà ní wọ́ọ̀dù àwọn aboyún. Ọmọ náà wolẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣí báàgì rẹ̀, tó mú ìwé kan jáde tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti ń parẹ́, láti ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní ìgbèríko yẹn. Ó ní ajẹ́ńtì Kútọ̀ yẹn ló sọ fún òun pé lẹ́tà alábọ́ọ́dé kò níyì lójú òyìnbó.

Lẹ́tà tó níyì jù lọ tí mo ti rí láti ìgbà tí mo ti wà lórí ìgbìmọ̀ náà nìyẹn, inú báàgì ló sì wà. Ṣùgbọ́n a ò lè fọwọ́ sí fáìlì tí ayédèrú ìwé wà nínú rẹ̀. Ká tilẹ̀ ní a fọwọ́ sí i, ìjọba Ìlú Ọba lè ti ènìyàn mọ́ta fún ọdún 10 bí wọ́n bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń béèrè físà. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó wà lọ́hùn-ún. Ìlà mẹ́rin péré ni mo kọ, ó sì gbà mí ní odidi ìrọ̀lẹ́ kan.

Mo gba Kútọ̀ kọjá lánàá. Pátákó ajẹ́ńtì náà ṣì wà níta, ó sì ti fi ọ̀dà pupa kọ “Rotary” kún un, lábẹ́ “físà” àti “ìwé àkáǹtì báǹkì”.