Bí Tùràrí Ṣe Di Ọ̀pá

Kí tùràrí tó di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí èèyàn kàn ń ṣá ìṣáná sí, iṣẹ́ ńlá ni sísun rẹ̀. Oje igi ni ògbólógbòó tùràrí. Igi náà ń hù ní Oman, Yẹ́mẹ̀nì àti Sòmálíà. Wọn á fi ọ̀bẹ họ èèpo rẹ̀, oje á sun jáde, á gbẹ mọ́ igi lára bí omijé, wọn á wá máa ha á kó. Orí ẹyín iná ni wọ́n ń bù ú lé nínú àwo tùràrí, nítorí náà ẹni tó fẹ́ sun ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáná èédú, kó sì wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ààfin àti tẹ́ńpìlì ló ráyè ìyẹn.

Ó tún wọ́n. Hatshepsut, obìnrin tó jọba Íjíbítì ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn, rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Punt nítorí rẹ̀. Kì í ṣe oje nìkan ni wọ́n kó bọ̀, wọ́n hú igi náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó ṣì wà lára ògiri tẹ́ńpìlì rẹ̀ ní Deir el-Bahri bí àwọn ọkùnrin ṣe fi ọ̀pá gbé igi tó wà nínú agbọ̀n. Nínú Ẹ́kísódù orí 30 ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá po irú tùràrí pẹpẹ láti máa fi gbóòórùn dídùn fún ara rẹ̀, gígé ni wọn yóò gé e kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Lónìí, inú yàrá ni a ń sun ún sí!

Éṣíà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n lọ igi olóòórùn dídùn kúnná, wọ́n fi èèpo igi kan tó máa ń yọ̀ tó sì ń lẹ̀ pò ó, wọ́n yí i mọ́ ọparun tẹ́ẹ́rẹ́. Bí iná bá ti mú un lórí, ẹ fẹ́ ẹ pa, pípọ́n rẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti Jápàn kò tilẹ̀ ní ọparun nínú.

Nítorí pé kì í sáré jó, tùràrí di aago. Ní Ṣáínà, láyé àwọn ọba Song (960 sí 1279), wọ́n ti ń fi í ka àkókò. Ní Jápàn, iye ọ̀pá tó bá jó tán ni wọ́n fi ń ṣírò owó geisha tó wá dá àlejò lára yá, àṣà tó dúró títí di 1924.

Íńdíà ló sọ ọ́ di ọjà ńlá. Agarbatti ni wọ́n ń pè é: agar ni igi olóòórùn, batti ni òwú fìtílà. Ìlú Mysore lókìkí nínú rẹ̀, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà. Wọn á bu ìpò dúdú lé pátákó, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ yí i mọ́ ọparun, wọn á fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò fún ìdìmú. Òmíràn, èédú lásán ni wọ́n yí, wọ́n á wá rì í sínú lọ́fínńdà. Ìyẹn máa ń ta sánsán nínú páálí, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn èyí tó jẹ́ pé igi olóòórùn gan-an ló ń jó. Èyí tó wù kó jẹ́, èéfín ni èéfín ń jẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé.

Àwọn Híńdù ń tàn án síwájú òrìṣà wọn, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà síwájú ère Búdà, àwọn mìíràn kàn ń fi lé òórùn ọbẹ̀ jáde nílé.

Kọ́ìlì ẹ̀fọn náà, ọmọ rẹ̀ ni. Ní nǹkan bí 1890, Ueyama Eiichiro, ará Jápàn, po òdòdó tó ń pa kòkòrò bí ìgbà tí wọ́n ń po tùràrí, ó ṣe é ní ọ̀pá. Ìṣẹ́jú 40 péré ló ń jó. Ẹ̀fọn kàn dúró de òkùnkùn tó kù ni. Ìyàwó rẹ̀, Yuki, ló ní kí wọ́n jẹ́ kó ki, kí wọ́n sì ká a bí ejò. Ní 1902, èyí tó ká bí ejò dé ọjà.