Ipò agbábásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn yunifásítì

Yíyan ipò lẹ́yìn yunifásítì ni iṣẹ́ tí àwọn kóòṣì àti àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri ń ṣe láti mọ ibi tí ẹni tó jáde ilé-ìwé ti lè wúlò jù fún ẹgbẹ́ tó ń sanwó. Ipò márùn-ún ló wà nínú básíkẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà sì ni àwọn eléré fi ń pè wọ́n. Nọ́ńbà 1 ni pọ́ìntì gáàdì tó ń darí eré. 2 ni gáàdì tó ń jù sáwọ̀n láti òkèèrè. 3 àti 4 ni fọ́wáàdì, kékeré àti ńlá. 5 ni sẹ́ńtà, òpómúléró abẹ́ àwọ̀n. James Naismith ló dá eré náà sílẹ̀ ní Springfield, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1891, ṣùgbọ́n òfin 13 tó kọ kò dárúkọ ìkankan nínú ipò wọ̀nyí. Bí eré ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń jẹyọ.

Ní àwọn ilé-ìwé Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, bíi ti ibi gbogbo tí àwọn tó ga gan-an kò ti pọ̀, ẹni tó bá ga jù nínú àwọn tó yọjú ni wọ́n sábà máa ń tì sí abẹ́ àwọ̀n, ìbáà má ju mítà 1.93 lọ. Ìyẹn kò burú fún ìdíje NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1966. Ìgbà tó bá gba ìwé-ẹ̀rí, tó sin ìlú tán, tó wá fẹ́ fi básíkẹ́ẹ̀tì jẹun ni wàhálà dé. Sẹ́ńtà tí yóò pàdé níwájú lè fi orí àti ọrùn ga jù ú, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọdún tó ti fi kẹ́yìn sí àwọ̀n kò jẹ́ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu bọ́ọ̀lù la àárín èrò kọjá.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Wọ́n á kọ́kọ́ ní kó bọ́ bàtà. Àsọdùn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ gíga: sáà 2019–20 ni NBA, líìgì ńlá àwọn tó ń fi básíkẹ́ẹ̀tì jẹun ní Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dandan lé e pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi gíga àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn láìwọ bàtà ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò dúró ti ògiri, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, yóò na ọwọ́ sókè, wọn á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí orí ìka rẹ̀ dé. Àmì yìí wúlò ju gíga lọ. Mítà 3.05 ni òrùka àwọ̀n fi ga sílẹ̀, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń dí bọ́ọ̀lù, kì í ṣe orí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó le jù ni pé irú alátakò wo ni ó lè ṣọ́? Wọ́n á fún gáàdì kúkúrú kan ní bọ́ọ̀lù, wọn á ní kí ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò kojú rẹ̀ láàárín pápá. Ẹsẹ̀ ni kóòṣì tó mọṣẹ́ ń wò. Bó bá ń yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí alákàn, ó ṣeé mú kúrò lábẹ́ àwọ̀n. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan dábùú èkejì, gáàdì ti kọjá lọ nìyẹn. Iye góòlù tó jù wọlé ní yunifásítì kò lè sọ èyí fúnni.

Òfin líìgì náà ń dá sí i. Ní NBA, sẹ́ńtà kò gbọdọ̀ dúró nínú àpótí abẹ́ àwọ̀n ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ bí kò bá ṣọ́ ẹnikẹ́ni nítòsí. Òfin FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, tí Nàìjíríà ń lò, kò ka ìyẹn léèwọ̀, nítorí náà sẹ́ńtà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ṣì lè rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ìlà góòlù mẹ́ta FIBA, tí ẹni tó bá jù wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba góòlù mẹ́ta, wà ní mítà 6.75 sí àwọ̀n, ti NBA jẹ́ 7.24, àfi ní igun pápá tó ti sún mọ́ àwọ̀n díẹ̀.

Àwọn àpẹẹrẹ

Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1963, kò fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà: sẹ́ńtà ni ní Yunifásítì Houston, sẹ́ńtà náà ni nígbà tí Houston Rockets mú un ṣe ẹni àkọ́kọ́ lọ́dún 1984, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ti ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Draymond Green ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dojú rú. Mítà 1.98 ni, wọ́n ní ó kúrú fún nọ́ńbà 4, ó sì wúwo fún 3, èyí tó fi jẹ́ pé ẹni karùndínlógójì ni Golden State Warriors, ẹgbẹ́ NBA mìíràn, mú un lọ́dún 2012. Ní àṣekágbá ọdún 2015, òun ni wọ́n fi ṣe sẹ́ńtà láti eré kẹrin, ìyẹn nọ́ńbà 5, Warriors sì gba ife. Stephen Curry, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, gbá nọ́ńbà 2 ní ilé-ìwé gíga Davidson kó tó bọ́ sí 1 ní ọdún kẹta rẹ̀ níbẹ̀. Láti 2 sí 1 kò ṣòro púpọ̀ fún ẹni tó ti mọ bọ́ọ̀lù lù. Láti 5 sí 3 ló ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, ẹlòmíràn kì í sì í dé ibẹ̀.